Ẹṣin Tó Ń Kúnlẹ̀ fún Agbádá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ fi ẹní yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí oorun ń kùn, kí ẹ̀yin tí ojú yín dá wá jókòó sítòsí ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí ẹ̀pà bá wà lẹ́nu rẹ̀ kó yára gbé e mì o, torí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ tẹ̀pà-tẹ̀pà. Ẹ̀rín á gbé e gba ọ̀nà òdì lọ́fun yín, ìyá yín á sì dé, á ní èmi ni mo fún yín pa.

Ọ̀rọ̀ Simeon Akínbọ́lá ni, ọkùnrin tó fẹ́ jókòó kí gbogbo ayé dìde.

Nígbà ìjọba sójà ni. Ìgándò ìgbà náà, bí àkùkọ bá kọ lápá ibí, wọ́n á gbọ́ ọ lápá ọ̀hún. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún ọ̀nà tó ti Ìkòtún wá, wọ́n pè é ní Ìgbìmọ̀ Ọ̀nà àti Ayẹyẹ. Iṣẹ́ wọn ò ju kí gọ́tà má dí, kí àlejò sì rí àga jókòó. Nígbà tí alága wọn fẹ̀yìn tì, tó kó lọ sí Oǹdó, wọ́n ní kí Simeon máa bá wọn di ipò náà mú ná, títí wọn ó fi rí ẹni gidi. Adelé alága ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ etí ọmọ aráyé. "Alága" ló wọ Simeon létí; "adelé" yẹn bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Akówonjò pé kó kan àga fún òun, àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ, kó sì fi àrán pupa bò ó. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe é. Fóòmù ni ò rí. Ó bá fi koríko gbígbẹ kì í nínú, ó rán an pa. Nígbà tí Simeon jókòó, àga dún: ṣàkà-ṣàkà.

"Kí ló ń dún nídìí mi?" ni Simeon bi í.

"Ọlá ni, sà," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Àga mẹ̀kúnnù kì í dún."

Simeon dìde, ó tún jókòó, kí ọlá lè dún sí i. Àtìgbà náà ni òun àti àga yẹn ò ti ya ara wọn mọ́. Ìsọmọlórúkọ ni o, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni o, Kọ́lápọ̀ akọ̀wé rẹ̀ á ru àga ṣíwájú, Alága á máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá débẹ̀, Kọ́lápọ̀ á yọ áńkáṣíìfù, á nu àga lẹ́ẹ̀mẹta, á wá ké sí gbogbo èrò pé, "Ẹ múra o, Alága fẹ́ jókòó." Ìdí á kan àga, ṣàkà-ṣàkà, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ó tiẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn àga ga ju orí rẹ̀ lọ, ọwọ́ onígbàjámọ̀ ò tó ìpàkọ́. Iwájú orí nìkan ni wọ́n rí gé. Títí irun iwájú fi hù bá tẹ̀yìn, Alága ò ṣí fìlà fún Ọlọ́run tàbí ènìyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Susanna, ọmọ Èkìtì, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Olúrẹ̀mí ni orúkọ àkọ́bí wọn. Simeon bá a, ó ní kó rán agbádá tó fẹ̀ fún òun, èyí tí irú rẹ̀ ò sí ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹnu ọ̀nà wa ńkọ́?" ni Susanna bi í.

"Kí ẹnu ọ̀nà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà fún àgbà."

Ẹnu ọ̀nà ò kọ́ ọ. Simeon ló kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi wọlé, bí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì. Ooru inú agbádá náà sì kọjá wẹ́rẹ́, ó bá fi bùbá sílẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó ti lu níwájú àyà.

"Ta ló máa mọ̀?" ni Simeon wí.

"Ọlọ́run mọ̀," ni Susanna fèsì. "Èmi náà mọ̀. A ti di méjì."

Báyìí ni katapílà ìjọba wá fi eyín họ ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgándò, ilẹ̀ pupa náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ìròyìn dé láti Ìkẹjà pé ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ṣóbọ̀wálé ń bọ̀ wá ṣí i. Ọjọ́ náà ni yóò sì wo Simeon wò. Bí ayẹyẹ bá lójú, ipò alága á di tirẹ̀ pátápátá. Bí ò bá lójú, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí i. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló kó oorun lójú Simeon. Bó bá ti di ojú, á rí ìdí ẹlòmíràn lórí àrán pupa, á sì gbọ́ tó ń dún.

Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, ó ní ẹṣin ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn kéré láti fi ṣí ọ̀nà ńlá. Ìje ẹṣin ni wọn ó fi ṣí i, láti ìpàdé ọ̀nà Ìkòtún títí dé pápá ilé-ìwé ní Ìgándò. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọjọ́ náà, òun alára gbọ́dọ̀ yẹ àwọn ẹṣin wò, kí òun mú èyí tó dára jù, kó di Ẹṣin Ìgbìmọ̀, kí wọ́n fi àrán pupa bò ó bí àga, kó sì wọlé níwájú gbogbo wọn lójú Ọ̀gá láti Ìkẹjà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹṣin kan ṣoṣo ni Simeon ti rí nítòsí láyé rẹ̀. Ara kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, ìyẹn ò sì mira.

Sátidé ni àyẹ̀wò náà. Ẹṣin mẹ́ta ló wá sí pápá. Kọ́lápọ̀ nu àga, Alága jókòó, àga dún, wọ́n pàtẹ́wọ́, ló bá tún dìde láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn ìlú," ló wí, "ẹ̀yin tí ẹ ti di ènìyàn, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbìyànjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òjò rọ̀. Lónìí, oòrùn ràn. Ẹ lọ bi ara yín pé kí ló fà á."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ṣá.

Ẹṣin Àmúsà ni wọ́n kọ́kọ́ fà wá. Alápatà ni Àmúsà ní Ìkòtún, ọkùnrin tó sanra dáadáa, ẹṣin rẹ̀ náà dúdú, ó ki pọ́pọ́.

"Ta ni bàbá rẹ̀?" ni Simeon bi í.

"Ẹṣin ni, sà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹṣin lòun náà, sà. Ìdílé kan náà ni wọ́n."

"Kò ní orírun," ni Simeon wí. Ó mi orí. Ẹṣin wò ó, ó lé eṣinṣin kan kúrò lójú, ó yí ìdí sí i, ó sì ṣu bíi garawa kan.

"Alága, ó ti sọ tẹnu rẹ̀," ni Àmúsà wí.

"Ó yí ìdí sí ìjọba," ni Simeon wí. "Ẹ fà á kúrò."

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Sìkírátù, opó kan tó ń ta obì ní Ìdímù. Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹṣin náà sílẹ̀ fún un, ẹṣin aláwọ̀ eérú kan báyìí tó gbẹ bí igi ìdáná, tí etí rẹ̀ kan ti já. Táyéwò, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń gùn ún. Sìkírátù kúnlẹ̀ kí Alága dáadáa. Ẹṣin rẹ̀ ò kí ẹnì kankan. Àga ló ń wò. Ó na ọrùn, ó fi imú gbóòórùn àrán pupa lápá ọ̀tún, ó gbóòórùn rẹ̀ lápá òsì, ó wá ti imú bọ abẹ́ ìdí Alága níbi tó jókòó sí, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ó fẹ́ yọ mí nípò," ni Simeon wí, ó di ọwọ́ àga mú.

"Rárá o, sà, ẹ má bínú," ni Sìkírátù wí. "Oúnjẹ ló ń gbóòórùn."

"Oúnjẹ wo ló wà nídìí mi?"

"Òórùn ọlá ló ń gbọ́," ni Kọ́lápọ̀ wí, "kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Nígbà tí wọ́n fi agbára fà á kúrò, ó ti bu ojú kan jẹ lára àrán. Simeon bi Sìkírátù pé kí lorúkọ ẹranko náà. Sìkírátù ní ọkọ òun ò sọ ọ́ lórúkọ. Simeon ní láti òní lọ, Àfojúdi lorúkọ rẹ̀. Àwọn èrò mú orúkọ náà, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Ẹ̀yìn wọn ni Yésúfù fa tirẹ̀ wọlé. Ọmọ Ìlọrin ni Yésúfù, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. Ẹṣin rẹ̀ funfun báláú, wọ́n ti fi oríṣiríṣi aṣọ àti wajawaja ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́rùn. Simeon dìde kó lè rí i dáadáa, ó na apá méjèèjì, agbádá sì ṣí pẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹṣin náà ká orúnkún iwájú méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí kanlẹ̀.

Simeon gbé ojú wòkè bí ẹni tó ń wò bóyá òkè ọ̀run náà rí i.

"Alága, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́," ni Yésúfù wí. "Ẹṣin ìwúyè ni. Ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ni mo máa ń gbé e lọ. Bó bá ti rí agbádá tó na apá, ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn, kì í sì í dìde bí agbádá ò bá kúrò níwájú rẹ̀."

"Kọ́lápọ̀, ṣé o gbọ́? Ó mọ ẹni tó tọ́ sí."

"Mo gbọ́, Alága. Ẹṣin yìí kàwé jù wá lọ."

Susanna gbé omi wá fún Yésúfù nígbà náà. Simeon ti yà sẹ́yìn àga kó lè nu ojú, ẹṣin sì ti dìde. Susanna gba iwájú rẹ̀ lọ, ó gba iwájú rẹ̀ bọ̀. Ẹṣin ò ṣe nǹkankan.

"Bàbá Rẹ̀mí," ni Susanna wí, "ó jọ pé aṣọ ló ń kí."

"Ta ló wà nínú aṣọ, Ìyá Rẹ̀mí?"

Susanna ronú kan síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn.

Wọ́n ní kí àwọn ẹṣin sáré díẹ̀ kí wọ́n lè mọ èyí tó yá jù. Simeon ní kò pọn dandan. "Eré sísá," ló wí, "ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ajá ń sáré. Ewúrẹ́ ń sáré. Olè gan-an ń sáré, ó sì yá ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀, ẹranko mélòó ló ní in?" Ó sọ ẹṣin funfun náà ní Ọmọlúàbí, ó sọ ọ́ di Ẹṣin Ìgbìmọ̀. Ó ní kí àwọn méjì yòókù náà wá lọ́jọ́ ìje, nítorí ẹni tó fẹ́ gba ipò kìíní gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dákẹ́. Ẹnu tó ti dùn mọ́ onítọ̀hún, ẹ sọ pé kó pa á dé, kò ní gbọ́. Ó wo Sìkírátù, ó wo ẹṣin rẹ̀ tó gbẹ, ó wá pàṣẹ kan.

"Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá gbẹ̀yìn," ló wí, "ilé rẹ̀ ni gbogbo àlejò yóò yà sí, tènìyàn tẹṣin. Yóò bọ́ wọn, yóò fún wọn ní mímu, kò sì gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́."

"Bó bá wá jẹ́ Ẹṣin Ìgbìmọ̀ ló gbẹ̀yìn ńkọ́, sà?" ni Àmúsà bi í.

Simeon rẹ́rìn-ín. Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ́ jù ú lọ, kí ó má baà dà bí ẹni pé kò gbọ́.

"Ẹ wá sílé mi," ni Simeon wí.

Títí ọjọ́ ìje fi pé, Táyéwò ń gun Àfojúdi lọ, ó ń gùn ún bọ̀ lórí ilẹ̀ pupa ní àárọ̀ kùtùkùtù. Àmúsà náà ń gun tirẹ̀, bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e lẹ́yìn. Ẹṣin Ìgbìmọ̀ ńkọ́? Ìkúnlẹ̀ lòun ń kọ́. Ojoojúmọ́ ni Simeon ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá láti lọ gba kíkí. Á na apá, ẹṣin á kúnlẹ̀, á fi ẹ̀pà sí i lẹ́nu. Á yà sẹ́yìn ilé, ẹṣin á dìde. Á tún jáde.

"Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, sà," ni Yésúfù wí.

"Yésúfù, ẹni tí mo ti fún ní ipò kìíní, kí ló ń sáré lé?"

"Ó dáa, sà. Lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ nǹkan mìíràn. Tàbí kí ẹ jókòó sí ibi tí kò ti ní rí yín."

Simeon wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jókòó sí ilé ìdáná níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Kí Alága lọ jókòó sí ibi tí wọn ò ti ní rí i? Kí ni wọ́n wá ń pe alága ní?

Ọjọ́ pé. Èrò tú jáde láti Ìkòtún, Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé dé láti Ìkẹjà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n na okùn funfun kan sójú ibi tí ìje á parí. Simeon wò ó pé bí òun bá jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú Ọ̀gá, ojú Ọ̀gá á wà lára ẹṣin, kò ní sí lára òun. Ó bá ní kí Kọ́lápọ̀ gbé àga lọ sẹ́yìn okùn gan-an, níbi tí ẹṣin á ti máa bọ̀ wá bá a tààrà.

Ó sọ̀rọ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ katapílà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ erùpẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wo aago ọwọ́, wọ́n sì ní kí àwọn ẹṣin máa bọ̀.

Eruku ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni orí ẹṣin kan funfun jáde nínú rẹ̀. Ẹ má fi òótọ́ dù ú o: Ọmọlúàbí mọ eré sá. Ó ti fi Àfojúdi sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, ti Àmúsà ò tilẹ̀ tíì yọ. Yésúfù tẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, àrán pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èrò ń pariwo. Inú Simeon kún fún ayọ̀. Ó rí ipò náà tó ń sáré bọ̀ wá bá a lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kò lè jókòó mọ́. Ó dìde, ó na apá.

Agbádá ṣí pẹ̀ẹ́.

Ọmọlúàbí rí i. Ó tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ká orúnkún, ó kúnlẹ̀. Yésúfù gba orí rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ níjokòó, ìjánu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá na aṣọ ìró kan sílẹ̀, á kan imú ẹṣin, á kan okùn.

"Dìde," ni Simeon wí fún un. Ó ju ọwọ́ sókè. Apá agbádá fò, ẹṣin tún tẹríba sí i. "Mo ní kí o dìde." Ó tún ju ọwọ́, ẹṣin fi iwájú orí kan erùpẹ̀.

"Ẹ wo ọ̀wọ̀ bí ó ti rí," ni Kọ́lápọ̀ ń kígbe.

"Alága, ẹ kúrò níwájú rẹ̀," ni Yésúfù bẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀.

Simeon fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Agbádá ti há sí orí àga gíga yẹn, èrò sì ti kún ẹ̀yìn àga pinpin láti wo ìran. Kò sí ọ̀nà. Susanna ló ti àárín èrò yọ, tó di etí agbádá mú.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ kíá, á dìde."

Simeon mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀. Ó rí Àfojúdi tó ń bọ̀, kò tíì débẹ̀. Ààyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n ó rántí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó rántí ibi tó ti lu. Ó wo Ọ̀gá láti Ìkẹjà, ó wo gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ya ẹnu sílẹ̀.

"Lójú àlejò?" ló wí fún ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ eyín. "Ṣé o fẹ́ tú mi fó ni?"

Ó di agbádá mọ́ àyà. Àfojúdi gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, fìrì. Ó já okùn, ó sì da eruku bo Alága láti fìlà dé bàtà. "Àfojúdi wọlé," ni àwọn èrò ń ké, "Àfojúdi ló gbapò kìíní." Sìkírátù jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omi ojú. Ọmọlúàbí ṣì kúnlẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Àmúsà náà yọ, òun àti ẹṣin rẹ̀ ń mí bí ẹwìrì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nísinsìnyí. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Alága, ó dá ẹṣin dúró.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ló wí. Ó wá kọjá lọ, ó di èkejì.

Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé rọra rìn wá. Ó wo ẹṣin, ó wo agbádá.

"Ẹṣin Ìgbìmọ̀ nìyí?"

"Òun ni, sà. Ó ń kí mi ni."

"Mo rí i," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ ṣeun, Adelé."

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kìíní, ẹ ò rí i pé ẹnì kan ti bá a mú un. Simeon gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó. Àga ní ṣàkà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Àmúsà ló wá wú ikọ́ díẹ̀. "Alága," ló wí, "ọ̀nà ilé yín dà?"

Wọ́n wá. Kò sẹ́ni tí ò wá. Àwọn tó wo ìje wá, àwọn tó gbọ́ pé wọ́n wo ìje náà wá. Ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ àgbàlá, Kọ́lápọ̀ sì gbé àga kalẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ní bó bá jẹ́ àṣẹ Ìgbìmọ̀ ni, òun ò lè rú u. Susanna dáná, kò ráhùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé yẹn gbẹ̀yìn. Wọ́n jẹ iṣu tán, wọ́n jẹ gàrí tán, wọ́n jẹ ìrẹsì tí Simeon tọ́jú fún ọjọ́ ìwúyè rẹ̀. Sìkírátù ń pín obì. Táyéwò ń sọ ìtàn bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ Alága kọjá, bí ó bá sì parí rẹ̀, wọ́n á ní àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Simeon, àwọn alápatà tó bá Àmúsà wá ló sùn sórí rẹ̀. Kò rí ibi tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ. Inú agbádá náà ló wà, lẹ́bàá ògiri, tó ń gbọ́ ìtàn ara rẹ̀.

Ó ń tòògbé ni ó gbọ́ ọ láti ìta: ṣàkà-ṣàkà.

Ojú rẹ̀ là. Ó mọ ohùn yẹn láàárín ẹgbẹ̀rún. Ẹnì kan ti jókòó sórí àga. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà, ó jáde.

"Ta ló wà lórí àga mi?"

Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Àfojúdi ló ti orí bọ inú rẹ̀. Ó ti fa àrán ya, ó ń jẹ koríko inú àga, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi àsè. Ó ti jẹ ẹ́ dé orí pákó.

"Koríko," ni Simeon wí. "Koríko ni mo ń jókòó lé?"

"Ẹṣin náà kúkú sọ ọ́ fún yín ní Sátidé àyẹ̀wò," ni Susanna wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ní ó fẹ́ yọ yín nípò."

Nígbà tí àkùkọ kọ, tí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, tí ojú ọ̀run sì ń funfun lápá Ìkòtún, àwọn àlejò dìde. Wọ́n ń na ara, wọ́n ń wá bàtà. Àṣẹ ti pé. Simeon ní òun á ṣe é bí àgbà, òun á sìn wọ́n sọ́nà. Ó tún agbádá tò léjìká, ó lọ dúró sẹ́nu géètì, ó wá na apá láti fi dágbére.

Yésúfù ló ṣíwájú, ó ń fa ẹṣin rẹ̀. Ọmọlúàbí dé àárín géètì, ó rí apá agbádá, ó kúnlẹ̀.

Ó dí géètì pa. Ogunlọ́gọ̀ èrò dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹṣin méjì àti Ọ̀gá láti Ìkẹjà wà láàárín wọn. Ẹnì kankan ò lè jáde. Yésúfù yíjú padà. Ó kàn wo Alága. Gbogbo wọn wò ó. Ògiri wà lẹ́yìn Simeon, ẹṣin wà níwájú rẹ̀. Susanna wá, ó na ọwọ́, kò pè é, kò rọ̀ ọ́. Ó kàn na ọwọ́.

Simeon bọ́ agbádá.

Ó dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ń gba ibi tó lu wọlé. Kọ́lápọ̀ la ẹnu, ó ní, "Ẹ wo bí síńgílẹ́ẹ̀tì Alága ṣe..." Ojú rẹ̀ bá egungun àga tó kù nínú àgbàlá pàdé. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, ó lọ nu ilẹ̀kùn mọ́tò Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọlúàbí dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù, ó sì gba iwájú Simeon kọjá, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Àwọn èrò tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ kú àlejò o, ẹ kú ìnáwó," títí ó fi kan Sìkírátù àti Àfojúdi, tí ẹyọ koríko kan ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Susanna ká agbádá náà, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì ti géètì. Oòrùn ti ń yọ.